Ọjọ́ Tí Bouaké Rí Ikùn Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi wọlẹ̀: Ọjọ́bọ̀ kan báyìí tí gbogbo ìlú Bouaké rí ikùn mi. Kì í ṣe pé mo gbé e hàn wọ́n o. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ibi tí mo ti jábọ́ ṣe ga tó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Láti Ghana ni wọ́n ti wá síbí ní 1969, àdúgbò Sokoura ní Bouaké ni wọ́n sì bí mi sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ní iléèwé awakọ̀ ọ̀gá mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, mọ́tò mi kò sì fara kan igi rí. Bí ẹ bá ń lọ sí Béoumi, tí awakọ̀ kan yà fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ bi í léèrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo kọ́ ọ. Èyí tó bá sì fẹ́ tì yín sígbó, èmi kọ́. Moniteur Anago ni wọ́n ń pè mí: moniteur ni olùkọ́ awakọ̀, Anago sì ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níhìn-ín. Àwọn mìíràn máa ń bínú sí orúkọ yẹn. Èmi, àyà ni mo fi ń jẹ́ ẹ. Mo máa ń gbéra ga díẹ̀. Ìyàwó mi ní kì í ṣe díẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń múra ìdánwò BEPC. Ọmọ tó lẹ́nu ni. Bó bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa sín àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀rín yóò fi mú ìyá rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Àfi bí ọdún ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ tí ẹnu ọmọ náà pa mọ́. Ó dé, ó kí wa, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa níhìn-ín, tí ìyá rẹ̀ bá bù fún un, á já ẹja orí rẹ̀ díẹ̀, á gbé ìyókù padà. Bó bá sì ti jáde ní ilé ìwé, á so ìborí aláwọ̀ ewé kan mọ́rí, á fà á wálẹ̀ títí dé irun ojú, nínú ooru Bouaké yìí! Fóònù kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àdùkẹ́, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Papa."

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ lọ jókòó ti ọmọ yìí. Èmi ti bi í títí, ẹnu mi ti bó."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi tí mo ń mú aláìmọ̀kan gba kọ́nà tí a kò rí iwájú rẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò wá dojú rú fún mi? Bí nǹkan kan bá ń jẹ ọmọ mi nínú fóònù yẹn, inú fóònù náà ni n ó ti lọ ká a mọ́.

Obìnrin kan ń kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ mi nígbà náà, Akissi, ọmọ Baoulé, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Òun ló bá mi ṣí ojú òpó kan níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé fídíò kúkúrú síta. A kọ "Moniteur Anago" sí i, a fi àwòrán èmi àti mọ́tò mi sí i. Mo wá Àdùkẹ́ lọ síbẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ níbẹ̀ náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè wọlé. Ó yẹ kí n jáde nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi ìka yí i lọ, mo rí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ aráyé bí a ṣe ń rìn sẹ́yìn wọ àárín mọ́tò méjì. Irọ́ pátápátá! Ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń wo iwájú! Síbẹ̀, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ló ti tẹ ọkàn pupa fún un, àmì tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dùn mọ́ àwọn. Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì mo ṣe fídíò tèmi, mo ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó rí, mo gbé e síta, mo lọ sùn bí ọba.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkàn pupa mẹ́ta ni mo bá. Ọ̀kan jẹ́ ti Akissi, ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ní Congo, ọ̀kan tó kù, kí n má parọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún ara mi.

N kò mọ ohun tó wọ̀ mí láti ọjọ́ náà. Bí iná títì bá pọ́n, mo ti yọ fóònù. Bí mo bá wà nílé ìyàgbẹ́, mo ti yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọkàn pupa mi pé àádọ́ta, mo ra adìyẹ sísun wálé, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀la ọjọ́ náà ni ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò mi pé: "Tonton, ṣé ikùn yìí náà ti gba permis ìwakọ̀?" Òmíràn tẹ̀lé e: "Ó yẹ kó ní nọ́ńbà ọkọ̀ tirẹ̀." Mo dá wọn lóhùn pé ikùn àgbà ni, pé ìyàwó mi mọ oúnjẹ sè. Ẹni àkọ́kọ́ ní: "A rí i."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré! Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá ẹni tí n kò mọ ojú rẹ̀ jà lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ilé yìí mà dákẹ́ o. Ọmọ ń wo tirẹ̀ ní yàrá, bàbá ń wo tirẹ̀ ní pálọ̀. Ṣé kí èmi náà máa bá ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní kó ṣe sùúrù, mo ń dá ẹnì kan lóhùn.

Bí mo ṣe dé ìdí gaine nìyẹn. Gaine ni bẹ́líìtì fífẹ̀, onírọ́bà, oníìkọ́ púpọ̀, tí àwọn abiyamọ fi ń di ikùn wọn padà. Ti ìyàwó mi, tó lò nígbà tó bí Àdùkẹ́, wà nísàlẹ̀ àpótí. Mo yọ ọ́ láìsọ fún un. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fa ikùn wọlé, mo fi ìkọ́ kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dìde, mo rí ara mi nínú dígí: mo dà bí ọ̀dọ́mọkùnrin. N kò lè mí, ṣùgbọ́n mo dà bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ọjọ́bọ̀ náà wá dé. Akissi fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń rìn sẹ́yìn níbi tóóró, mo sì mú un lọ sí títì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé Àdùkẹ́, torí ibẹ̀ máa ń dákẹ́ kí àwọn ọmọ tó jáde. Mo lẹ fóònù mọ́ gíláàsì iwájú, mo tan direct. Direct ni wọ́n ń pè é bí èèyàn bá ń fi ara rẹ̀ han ayé lójú ẹsẹ̀, tí kò sí ààyè láti gé ohun tó bá bàjẹ́ kúrò. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi." Ohùn mi jáde tín-ín-rín bíi ti òròmọdìyẹ, torí gaine kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀.

Akissi wò mí. "Moniteur, ṣé ara yín yá? Ojú yín ti pọ́n."

"Dígí ẹ̀yìn ni kí o máa wò."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo yọjú wo fóònù, igba èèyàn ló ń wò mí. Igba! Mo fa èémí gígùn kan láti rẹ́rìn-ín sí wọn. Ohun tí ǹ bá má ṣe nìyẹn. Ìkọ́ kan já, pàá! Èkejì já tẹ̀ lé e, pàá! Akissi rò pé táyà ló bẹ́. Ó pariwo, ó tẹ iná dípò bíréèkì. Mọ́tò ìkọ́ni máa ń ní bíréèkì méjì, ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan fún olùkọ́. Mo na ẹsẹ̀ sí tèmi, àmọ́ gaine tó já ti yọ́ wálẹ̀, ó ti so orúnkún mi pọ̀. A fẹ̀yìn wọ gọ́tà.

Kò sẹ́ni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mọ́tò mi tí kò fara kan igi rí gbójú sókè bí ẹni ń gbàdúrà òjò. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi mẹ́ta ti fò lọ, ikùn mi sì jáde wá jókòó sórí itan mi, gẹ́lẹ́ níwájú fóònù. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni ìyàwó mi.

"Akissi, ọmọ dáadáa, jọ̀ọ́, má sọ fún Ìyá Àdùkẹ́. Gaine rẹ̀ ni mo wọ̀. Kò mọ̀ o."

Akissi kàn na ìka sí gíláàsì. Direct ṣì ń lọ. Kì í sì í ṣe igba mọ́. Ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Àfi gbàgà, aago ilé ìwé lù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jáde, ẹ kúkú mọ̀. Wọ́n ya dé bí omi, gbogbo wọn ló sì na fóònù sókè. Mo jáde nínú mọ́tò, mo fi ọwọ́ kan di ṣẹ́ẹ̀tì mú, gaine ń wọ́ tẹ̀ lé mi lẹ́yìn bí ìrù. "Ẹ má yà mí! Ẹ má yà mí mọ́!" Ta ló ń gbọ́? Ẹnì kan kígbe pé: "Papa Parking nìyẹn!" Ni gbogbo wọn bá gbà á: "Parking! Parking! Papa Parking!" Mo rò pé nítorí ibi tí mo gbé mọ́tò sí ni.

Nígbà náà ni mo rí Àdùkẹ́ lẹ́nu géètì. Bó bá jẹ́ pé èmi ni òun, ǹ bá sá. Ní tòótọ́, mo gbàdúrà pé kó sá, kí ojú má bàa tì í pọ̀ mọ́ tèmi. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, kò sáré, kò tẹ orí ba, àwọn ọmọ sì ń là fún un. Ó dé iwájú mi, ó tú ìborí kúrò lórí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti rí iwájú orí ọmọ mi gbẹ̀yìn. Iwájú orí ìyá mi gan-an ni, ó fẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn. Ó ta ìborí náà yí ikùn mi ká. Kò fẹ́ ká a. Ó fi orúnkún tì mí, ó fà á, ó so ó ní kókó.

"Papa, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Mo bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ni wọ́n ń pè ní Parking?"

Kò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. "Èmi ni. Wọ́n ní iwájú orí mi gba mọ́tò mẹ́rin."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Fóònù méjì mẹ́ta wálẹ̀. A kọjá láàárín wọn, èmi pẹ̀lú ìborí aláwọ̀ ewé níkùn, òun pẹ̀lú orí rẹ̀ gedegbe.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò jáde nílé. Ìyàwó mi kò bínú, ó kàn ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tó burú ju ìbínú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí láago láti Marabadiassa, ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní o ti ń di ikùn. Ọkùnrin lo bí ni àbí obìnrin?" Mo pa á mọ́ ọn létí. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ka ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fídíò náà. Tonton Gaine ni wọ́n ń pè mí báyìí. Bí mo bá kà á tán, mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ pé èèyàn dáadáa ni mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Àdùkẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Papa, mélòó lẹ ti kà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ sì tún padà kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó mi orí. "Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi ti di oṣù mẹ́rin."

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wọn ló ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń ka ìwé sókè, ó gbé e sínú ẹgbẹ́ tí gbogbo kíláàsì wà lórí fóònù. Wọ́n ya mọ́tò mẹ́rin sí i níwájú orí. Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí fọ́tò mìíràn kì í dé: bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ akẹ́rù, bàálù. Ó ní bí òun bá fẹ́ jẹun, òun máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó ní òun ti pa gbogbo fọ́tò ara òun rẹ́, títí kan èyí tí òun wà lẹ́yìn ìyá òun. Ó ní òun ti ń rò ó pé òun kò ní lọ ṣe ìdánwò mọ́, torí àwòrán máa ń wà lára káàdì ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ káàdì yẹn ló gún mi lọ́kàn jù. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi, Àdùkẹ́?"

"Mo wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, Papa. Ẹ ní kí n dúró, pé ẹ ń dá ẹnì kan lóhùn."

Èmi tí mo wọ inú fóònù lọ wá ọmọ mi, ọmọ náà wá bá mi ní pálọ̀, mo ní kó dúró. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Àdùkẹ́ na ọwọ́, mo gbé fóònù fún un. Ó ní, "Ẹ má kà á mọ́. Kò ní tán láé. Èmi ti dán an wò." A jọ pa ojú òpó Moniteur Anago rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́ kó lè dá mi lójú.

Ní ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìwé. Obìnrin tó ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ pe ọmọbìnrin tó ya fọ́tò náà. Mo ti tọ́jú ìwàásù dè é. Àfi bí ọmọ náà ṣe wọlé, ó kéré ju bí mo ti rò lọ. Ó ní òun rò pé eré ni, torí Àdùkẹ́ náà máa ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ rẹ̀. Àdùkẹ́ ní, "Mo fi í síbẹ̀ kí ẹ má bàa mọ̀ pé mo ń sunkún ni." Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ìwàásù mi wọ inú mi padà. Ó tọrọ àforíjì, ó sì pa fọ́tò náà rẹ́ lójú gbogbo wa.

N kò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà. Fọ́tò tó ti jáde kì í gbọ́ pé wọ́n ń pe òun padà. Àwọn kan ṣì ń pè é ní Parking. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ mú un ní ilé ìwé lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan pè é bẹ́ẹ̀ létí mi. Àdùkẹ́ kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Ó ti kún. Lọ wá ibòmíràn." Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọkùnrin náà fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sá. Inú mi dùn débi tí mo fi gba iná pupa kọjá. Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi.

Kí wọ́n tó ṣe ìdánwò, ilé ìwé pe àwọn òbí jọ láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ àti fóònù. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ títí, àwọn òbí ń sùn. Wọ́n wá pe Àdùkẹ́. Ó jáde sí iwájú nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, irun rẹ̀ dídì sẹ́yìn, ó gba ẹ̀rọ ohùn. Ó sọ tirẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́: oúnjẹ tí kò lè jẹ, fọ́tò tó pa rẹ́, bí ó ṣe máa ń wo fóònù pẹ̀lú ìbẹ̀rù bí ẹni ń wo ejò, tí kò sì lè gbé e sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sùn mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwa ọmọ nìkan kọ́ ló ń ṣe o. Bàbá mi nìyẹn," ó nawọ́ sí mi. Ó sọ ti gaine. Ó sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ohùn òròmọdìyẹ. Gbọ̀ngàn fẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ìyàwó mi tì mí, ó ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Mo dìde. Mo ti gba oríyìn lẹ́nu iṣẹ́ rí, ọ̀gá mi ti bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú èrò rí, ṣùgbọ́n orí mi kò wú bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ mi ló ń bú mi níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ gaara, kò gbọ̀n.

Nígbà tí a ń jáde, ọkùnrin kan fà mí lápá. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin kò tíì bá òun sọ ọ̀rọ̀ gidi kan láti ìgbà Àjíǹde. Ó bi mí pé, "Moniteur, báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?"

Mo wá ọ̀rọ̀ ńlá kan sọ fún un, n kò rí i. Mo ní, "Gbé fóònù rẹ sílẹ̀, jókòó tì í, kí o dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni. Ṣùgbọ́n inú gọ́tà ni èmi gbà dé ibẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi dùn mí díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹni pé gaine ṣì fún mi níbẹ̀.